Ṣé ká ta ilẹ̀ torí kí ọmọ má baà lọ sí yunifásítì ìjọba?

Ìbéèrè ìyá kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, gba 254 nínú ìdánwò JAMB. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan ti mú un fún Biochemistry. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ mi ta kú pé a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó lọ. Ó ní òun lo ọdún mẹ́fà fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, pé ká ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí a ní, ká fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì aládàáni. Ọkọ mi ti ń gbọ́ tirẹ̀. Èmi ò dé yunifásítì, mi ò sì mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ lọ, tí ẹ sì ti jáde, ṣé ẹ kábàámọ̀? Tó bá jẹ́ ọmọ tiyín ńkọ́?"

* * *

Màmá, ẹ má ta ilẹ̀ yẹn. Mò ń bọ̀ wá sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn lélẹ̀, torí bí ẹ bá ti gba owó lọ́wọ́ olùrà, ó ti bọ́ nìyẹn.

Àbúrò ọkọ yín kò purọ́ o. Ojú èmi náà rí i. Ọdún 2010 ni mo wọlé, Kẹ́mísìrì ni mo kà, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ni, 2015 ni mo tó jáde. Ní oṣù Kejìlá 2011, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, da iṣẹ́ sílẹ̀, ó di oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ká tó padà sí kíláàsì. Ní oṣù Keje 2013, wọ́n tún gùn lé e, a wà nílé títí di oṣù Kejìlá. Àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ bá wọn ṣe ní 2009 ni wọ́n ń jà lé lórí. Àdéhùn yẹn kan náà ni wọ́n ṣì ń jà lé lórí nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin wọlé ní 2018. Tirẹ̀ tún wá ju tèmi lọ: nǹkan bí oṣù mẹ́ta láàárín 2018 àti 2019, oṣù mẹ́sàn-án ní 2020 tí àrùn kòrónà tún kún un, oṣù mẹ́jọ gbáko ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ni ti òun náà. 2024 ló jáde.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì, ẹ má dá a lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi àbúrò ọkọ yín ni pé ọdún méjì tó sọnù yẹn, ṣé iye ilẹ̀ kan ṣoṣo ni?

Owó aládàáni kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ ó san án ní 100 level, ìyẹn ọdún kìíní, ẹ ó san án ní 200, ní 300, ní 400, iye tí wọ́n sì gbà lọ́wọ́ yín lọ́dún kìíní lè má jẹ́ iye tí wọn yóò bèèrè lọ́dún kẹta. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún. Owó náà gbé e dé ìparí 200 level, ó tán. Ó jókòó sílé fún odidi ọdún kan, ó tún JAMB ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 100 level ní irú yunifásítì ìjọba tí wọ́n ta ilẹ̀ torí kó má baà lọ. Ilẹ̀ lọ, ọdún mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá ní owó tó máa gbé ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìta ohun tí ẹ ò ní lè rà padà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, mi ò ní bá yín jiyàn. Ohun tí ẹ kọ síbí kò jọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n da gbogbo yunifásítì ìjọba pọ̀ mọ́ra fún yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Yunifásítì Ìlọrin ni àwọn òbí ń sá lọ, torí pé àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kì í bá àwọn tó kù da iṣẹ́ sílẹ̀. Ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀ kò dùn: olùkọ́ 49 ni wọ́n lé kúrò níbẹ̀ ní 2001 nítorí ìyanṣẹ́lódì, ó sì di 2009 kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún 2022 tí gbogbo ibi wà ní títì, LASU àti UNIOSUN, tí wọ́n jẹ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó àti ti Ọ̀ṣun, ń kọ́ ọmọ wọn lọ. Ẹ wádìí ìwà ilé-ìwé tó mú ọmọ yín gan-an, kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́bi tí gbogbo wọn jọ jẹ.

* * *

Mo ti rí ìdáhùn tí àwọn mìíràn kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí láti gbè mí lẹ́yìn, ó sì yẹ kí n yà kúrò lára àwọn kan nínú wọn.

Wọ́n ní yunifásítì ìjọba ló ń sọ ọmọ di akọni. Wọ́n ní ìyà ibẹ̀ ló ń kọ́ni lọ́gbọ́n, pé ọmọ aládàáni kò lè gbé láyé torí wọ́n ti fi bọ́tà pa á lẹ́nu. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí mo wà ní 100 level, mi ò sì gbà á rí.

Mo jókòó lórí fèrèsé gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ GST, ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, fún odidi sẹ̀mẹ́sítà kan. Nínú ilé àyẹ̀wò Kẹ́mísìrì, àwa méjìlá ló ń pín bùrẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn omi kẹ́míkà. Ẹni méjì á ṣe titration, ìyẹn kí wọ́n máa kán omi kẹ́míkà kan sínú òmíràn láti mọ bó ṣe lágbára tó, àwa mẹ́wàá tó kù á kọ òǹkà tí wọ́n bá pè. Mo jáde ní 300 level láìtíì fi ọwọ́ ara mi ṣe titration kan parí. Kí ni ìyẹn kọ́ mi? Ó kọ́ mi láti da òǹkà ẹlòmíì kọ. Nígbà tí mo dé ibi SIWES, ìyẹn oṣù mẹ́fà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, tí ọ̀gá ilé àyẹ̀wò ní kí n ṣe é lójú òun, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àárín oṣù mẹ́fà yẹn ni mo tó di oníkẹ́mísìrì.

Nínú yàrá wa ní họ́sítẹ̀lì, bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló wà, àwa mẹ́sàn-án la ń sùn níbẹ̀, torí olúkúlùkù ló ní ẹni tó ń bá a pín àyè. Ọ̀kan nínú wa ní ikọ́ fée. Ó gbìyànjú títí, ó lọ sílé ní àárín 200 level, kò sì padà wá mọ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí àwa tó jáde ń sọ pé ìyà sọ wá di akọni, ẹ rántí pé ẹni tí ìyà náà gbá dànù kò sí láàárín wa láti sọ tirẹ̀.

Nítorí náà, mi ò ní kẹ́ ẹ rán ọmọ lọ síbẹ̀ kó lọ jìyà. Mo ní kẹ́ ẹ rán an lọ, kẹ́ ẹ sì dín ìyà náà kù ní gbogbo ọ̀nà tí kò ní gba pé kẹ́ ẹ ta ilẹ̀.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé, èèyàn ni. Ẹnìkejì mi ní yàrá, ẹni tí a jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, ọmọ Máídúgùrí ni; ọmọ oníṣòwò gààrì kan láti Ìwó ló kọ́ mi ní Físíìsì ní òru àárín ìdánwò; ọmọ adájọ́ wà ní kíláàsì wa, ọmọ alágbàṣe wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ dójú àmì sì wà, tí wọ́n ti ń kọ́ni láti ìgbà tí a ò tíì bí wa. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bí ẹ bá fẹ́ la cram, la pour, ẹ má wá sí kíláàsì mi." Kéèyàn há ìwé sórí, kó sì dà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀; ìwé ìdánwò tirẹ̀ a máa jẹ́ ká ronú. Àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ carry-over, ìyẹn iṣẹ́ tí èèyàn fìdí rẹmi tó ní láti tún kà, nínú iṣẹ́ ọkùnrin yẹn, títí dòní ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó. Ẹnì kan ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kò gba owó ẹ̀kọ́, pé ọ̀fẹ́ ni. Òótọ́ ni pé kò sí owó ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ń ka ìwé oyè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi owó mìíràn ló wà: ti ìforúkọsílẹ̀, ti ilé àyẹ̀wò, ti ìdánwò, ti ìlera, ti họ́sítẹ̀lì, àti owó ìgbàsílẹ̀ tí wọ́n ń san kí wọ́n tó kà yín kún ọmọ ilé-ìwé rárá. Ní 2023, Yunifásítì Èkó kéde pé ohun tó jẹ́ nǹkan bí 19,000 náírà tẹ́lẹ̀ yóò di ohun tó lé ní 100,000. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, wọ́n yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sí ibi tó wà.

Ìjà yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1978, nígbà tí ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ láti 50 kọ́bọ̀ sí náírà kan ààbọ̀ lójúmọ́, gbogbo yunifásítì ló dìde. "Ali Must Go" ni wọ́n ń pè é, torí Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, wọ́n yìnbọn fún ọmọ, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ orílẹ̀-èdè. Bàbá mi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà yẹn. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní yunifásítì wọ ilé lóru pẹ̀lú aṣọ kan ṣoṣo lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀. Ohun tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún màmá yìí ni NELFUND, owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́. Oṣù Karùn-ún 2024 ni wọ́n ṣí i. Ilé-ìwé gan-an ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún, wọ́n sì ń san 20,000 náírà lóṣù sí àkáǹtì ọmọ tó bá bèèrè fún owó ìtọ́jú ara. Kò ní èlé, ọdún méjì lẹ́yìn ìsìn àgùnbánirọ̀ ni sísan padà tó bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún. Ọmọ tó bá lọ sí aládàáni kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí NIN ọmọ yín àti BVN rẹ̀ bá orúkọ tó fi ṣe JAMB mu, lẹ́tà sí lẹ́tà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń há sí.

Ilé gbígbé ni owó tó máa dùn yín jù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn 100 level àti àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ní bedspace, ìyẹn àyè bẹ́ẹ̀dì nínú họ́sítẹ̀lì. Kó máa ṣọ́ ojú-òpó ilé-ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣí i, kó má fi dọ̀la. Láti 200 level, ìta ni ọ̀pọ̀ ń gbé: Agbowó ní Ìbàdàn, Tanke ní Ìlọrin, Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, Akọkà l'Ékòó. Owó ọdún kan lódindi ni onílé ń gbà. Bí ìyanṣẹ́lódì bá bẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ẹ san án, onílé kò ní dá kọ́bọ̀ padà. Èyí ni iye tí àwọn tó ń ṣe ìṣirò ìyanṣẹ́lódì máa ń gbàgbé. Ní 2022, àbúrò mi san owó ilé oṣù mẹ́jọ fún yàrá tí kò sí ẹni tó sùn síbẹ̀.

* * *

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí, torí ó ju ìyanṣẹ́lódì lọ lójú tèmi. Bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, gbogbo ayé ló gbọ́. Bí èsì ìdánwò rẹ bá sọnù, ìwọ nìkan ló mọ̀.

Ní 200 level, mo ṣe ìdánwò kan, mo fọwọ́ sí ìwé ìwásíbẹ̀, mo gba B nínú ìdánwò kékeré tó ṣáájú rẹ̀. Èsì jáde, orúkọ mi wà níbẹ̀, ìlà ni wọ́n fà sí iwájú rẹ̀. Mo lọ bá olùdámọ̀ràn wa, ó ní kí n lọ bá olùkọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ olùkọ́, ó ní kí n lọ bá ẹni tó ń tọ́jú èsì. Ẹni yẹn ní kí n fọkàn balẹ̀, pé wọ́n máa tún un ṣe. Mo fọkàn balẹ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣàṣìṣe. Ìyanṣẹ́lódì dé, ó lọ. Olùkọ́ náà gba ìsinmi ọdún kan, ó lọ kọ́ni níbòmíì. Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó parí mọ́ ògiri ní 2015, orúkọ mi kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń lọ, tí mo ń bọ̀. Ohun tó gbà mí ni fáìlì kan. Ìyá mi, tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ, ló ra fáìlì yẹn fún mi ní ọjọ́ tí mo ń lọ, ó ní gbogbo ìwé tí wọ́n bá fún mi kí n kó o síbẹ̀. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tí mo forúkọ sí ní 200 level wà níbẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ọ́fíìsì àti ọjọ́. Ìwé ìbéèrè ìdánwò náà wà níbẹ̀, rìsíìtì wà níbẹ̀. Akọ̀wé àgbà obìnrin kan wo fọ́ọ̀mù yẹn, ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́, a jọ wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìwé ìdánwò àtijọ́ sí. Erùpẹ̀ bo gbogbo rẹ̀. A rí ìwé mi láàárín ti kíláàsì mìíràn. 58 ni mo gbà.

Àwọn tí a jọ jáde ti lọ sìn ìlú ní ìpele kìíní ọdún yẹn. Èmi dúró de ìpele tó tẹ̀ lé e. Mo mọ àwọn méjì nínú kíláàsì wa tí wọ́n tún odidi ọdún kan ṣe lórí irú ọ̀ràn yìí nítorí pé wọn kò ní bébà kankan lọ́wọ́.

Màmá, ẹ ra fáìlì. Kó ya fọ́tò gbogbo rìsíìtì àti fọ́ọ̀mù, kó fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀ àti sí fóònù yín, torí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ kí wọ́n tó jí i. Kó máa yẹ èsì rẹ̀ wò ní gbogbo sẹ̀mẹ́sítà. Bó bá rí ìlà níbi tó yẹ kí òǹkà wà, kó má gbà kí ẹnikẹ́ni ní kó fọkàn balẹ̀. Kó kọ lẹ́tà, kó fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì HOD, olórí ẹ̀ka rẹ̀, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tí yóò mú padà sílé.

Ohun kejì ni òǹkà 100 level. Ọdún àkọ́kọ́ ni ọmọ máa ń fojú kéré, torí pé ó rò pé ohun tó kọ́ ní girama náà ni. Lórí òṣùwọ̀n tí òǹkà tó ga jù jẹ́ 5.00, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń lò, 4.50 ni fáàsì kíláàsì, ipò tó ga jù, ti bẹ̀rẹ̀, 3.50 ni 2:1, ipò tó tẹ̀ lé e. Bí ọmọ bá gba 2.00 lọ́dún kìíní, tó wá ń gba 4.00 ní gbogbo ọdún mẹ́ta tó kù, 3.50 géérégé ni yóò bá jáde bí iye unit, ìyẹn ìwọ̀n iṣẹ́ tó kà, ní ọdọọdún bá dọ́gba. Ẹ ò rí i pé ọdún mẹ́ta iṣẹ́ àṣekára ni yóò fi san gbèsè ọdún kan. Èmi gba 2.70 ní 100 level. Mo mọ bí ó ṣe ń rí lára.

* * *

Ìyá náà tún kọ̀wé: "Mo dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ni. Ohun tí à ń gbọ́ nípa àwọn olùkọ́ tí ń da ọmọbìnrin láàmú ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù ju ilẹ̀ lọ."

Màmá, ẹ̀rù yín tọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀, mo sì rí i. Mi ò lè sọ pé àwọn aládàáni bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ ti pọ̀, tí olùkọ́ kan sì lè dá èsì dúró, agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Ẹnì kan tí a jọ wà ní kíláàsì, olùkọ́ kan ní kó wá rí òun nílé òun bó bá fẹ́ rí èsì rẹ̀. Kò dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè. Ìyá náà kò bi í pé aṣọ wo ló wọ̀, kò bi í pé kí ló lọ ṣe ní ọ́fíìsì ọkùnrin. Ó ní, "Má dá lọ síbẹ̀ mọ́, má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́, mò ń bọ̀ lọ́la." Ó dé, ó wọlé tọ Dean, olórí gbogbo ẹ̀ka tó wà lábẹ́ fákọ́tì náà, lọ pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n gbé ìwé ọmọ náà fún olùkọ́ mìíràn kó máàkì rẹ̀. Ó yege. Àwọn tó dákẹ́ nínú kíláàsì yẹn, mo mọ̀ wọ́n pẹ̀lú, ìtàn tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé wọ́n ti fi ẹnì kan jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní oṣù Kejìlá 2018, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì lórí irú ẹ̀sùn yìí. Ohùn ọkùnrin náà tí akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin yẹn gbà sílẹ̀ lórí fóònù ló mú ọ̀rọ̀ náà jáde.

Ohun tí ọmọ yín nílò lọ́wọ́ yín ju owó lọ ni kó dá a lójú pé bó bá pè yín lóru, ẹ ò ní kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Ẹ sọ ọ́ fún un kó tó lọ. Ẹ má rò pé ó ti mọ̀.

Ti ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ẹlòmíì béèrè: wọ́n wà. Ọmọ tí kò bá àwọn aláriwo kẹ́gbẹ́, tí kì í lọ sí ibi àríyá alẹ́ pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀, kì í sábà bá wọn pàdé. Kó lọ.

* * *

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ àbúrò ọkọ, torí àwọn tó ń bá a wí ti ń le koko jù. Ìbéèrè kan wà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè, ìyẹn ni ọjọ́ orí.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́jáde tuntun ló ń fi ọjọ́ orí sínú ìpolówó wọn, òmíràn ní ọdún 26, òmíràn ní 28. Ẹni tó bá sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó jáde kò ní lọ sin ìlú mọ́, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un. Ẹni tó wọlé ní ọmọ ọdún 23 láti ka Ìṣègùn, tí í ṣe ọdún mẹ́fà, tí ìyanṣẹ́lódì wá fi ọdún méjì kún un fún, ti wọ inú ewu yẹn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bi mí, tó sì rówó, màá ní kó wá ibi tí kàlẹ́ńdà kì í ti yẹ̀. Bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ọkọ yín nígbà tirẹ̀, ẹ bi í léèrè.

Ọmọ tiyín jẹ́ 17. Bí ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin bá tilẹ̀ di mẹ́fà, ọmọ ọdún 23 ni yóò jẹ́. Àkókò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

Àmọ́ bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, ẹ má jẹ́ kó kàn máa sùn. Ní 2013, ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ aránṣọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, oṣù márùn-ún ni mo fi jókòó sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí mo ń sin ìlú ní 2016, tí owó àgùnbánirọ̀ jẹ́ 19,800 náírà, ẹ̀rọ yẹn ló ń bọ́ mi. Mi ò sọ pé kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyanṣẹ́lódì o. Ìwé tí mo ti kà ni mo gbàgbé níbẹ̀, wọ́n sì fi ìdánwò lélẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré tí a padà. Méjì nínú àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa kò padà wá rárá, ọ̀kan ti lọ́mọ, ọ̀kan ti lọ sílé ọkọ. Kó máa ka ìwé rẹ̀ wákàtí kan lójúmọ́, kó sì kọ́ nǹkan tó lè fi ọwọ́ ṣe.

Ẹ bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Mo kábàámọ̀ 100 level tí mo fi ṣeré. Mo kábàámọ̀ èsì tí mo jẹ́ kó sùn fún ọdún mẹ́ta. Ilé-ìwé tí mo lọ, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀, àbúrò mi tó wọlé ní 2018, èmi ni mo kọ́wọ́ sí i kó lọ.

* * *

Ìyá náà kọ̀wé lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní àwọn ti jókòó sọ̀rọ̀, ọkọ òun ti gbà pé kí ilẹ̀ dúró. Ó bèèrè ohun tó kù láti ṣe.

Màmá, ọ̀rọ̀ òní ni o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ ojú-òpó JAMB tí wọ́n ń pè ní CAPS, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ibi tó ti máa gbà pé òun fẹ́ àyè náà. Kí ilé-ìwé fi orúkọ rẹ̀ síta nìkan kò tó. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, àyè náà lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ san owó ìgbàsílẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kó tẹ lẹ́tà JAMB rẹ̀ jáde, kó ṣe ẹ̀dà mẹ́wàá ti èsì WAEC, ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé pé ó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín, torí wọn yóò máa bèèrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan. Kó kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì. Bí ibì kan bá há fún un nígbà clearance, ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò, ẹ kọ̀wé síbí, èmi yóò dáhùn.